Ta Ló Nilé?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀: aago tí Bàámi jáde, ibi tí wọ́n lọ, ohun tí wọ́n jẹ, iye ìgbà tí wọ́n tọ̀. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, àpótí kéékèèké ló kún inú ẹ̀. Mo ti fọ́ọ̀mù ọ̀hún sínú dúrọ́ọ̀. Ìwé yìí ni mo máa lò. Ọ̀rọ̀ Bàámi ò lè wọ inú àpótí kékeré.

Ó dáa. Òní. Wọ́n jáde láago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀. Èmi wà níbi iṣẹ́, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ń to lẹ́tà, ni oníkẹ́míìsì igun òpópónà wa pè mí pé Bàbá Kọ́kọ́rọ́, Bàámi nìyẹn, wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ti di ibi ìṣerun láti ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀, wọ́n ń bá àwọn onírun fa ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n kó irinṣẹ́ àwọn jáde. Àwọn ọmọbìnrin náà ò bínú. Wọ́n ti fún Bàámi lága, wọ́n ti bu omi fún wọn.

Àádọ́ta ọdún ni Bàámi fi gé kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn fáwọn tó ti ara wọn mọ́ ìta. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ládùúgbò yìí tí wọn ò tíì tẹjú mọ́ ihò kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ rí. Ní báyìí, wọ́n ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún kẹta rèé tí dókítà ti dárúkọ àìsàn náà fún wa: Alusáímà. Orúkọ bí orúkọ àlejò pàtàkì. Olè ni mo ń pè é ní tèmi, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

Lójú ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Alápò mi." Orúkọ tí wọ́n ń pè mí láti ọmọ ọdún mẹ́fà nìyẹn, torí èmi ni mo máa ń gbé àpò irinṣẹ́ tẹ̀ lé wọn. "Alápò mi, ta ló ta ṣọ́ọ̀bù wa?"

Àwọn fúnra wọn ló tà á. Mo ní n ò mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Ọ̀gá Ìpàdé pè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, àwa méjì péré ni Màámi bí. Ìlú míì ló ń gbé, kò sì sígbà tí mo pè é tí kò sí nípàdé. Lójú ẹ̀, "ẹ" ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè sọ ọ́ di "ó", n ó sì jẹ adùn ẹ̀ dáadáa.

Oníkẹ́míìsì ti sọ fún un. Ẹnu tí kì í dákẹ́. Ọ̀gá Ìpàdé ní òun ti rí ibùsùn kan ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, wọ́n á bá òun dì í mú di ìparí oṣù. Bí Bàámi bá tún jáde lẹ́ẹ̀kan péré, òun ń bọ̀ wá gbé wọn. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bẹ́ orí, ibùsùn lòun ń sọ. Mo ní ọ̀rọ̀ Màámi ńkọ́? Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màámi di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, tí mo ṣèlérí pé Bàámi ò ní lọ kú sáàárín àjèjì. Ó ní wọ́n ti ń pe òun nípàdé.

Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Mo ra àgádágodo tuntun, èyí tí wọ́n ń rì mọ́ ara ilẹ̀kùn. Oníṣòwò ní olè kankan ò lè ṣí i. Káfíńtà rì í síbẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo tì í. Mo gbé omi tíì kaná. Omi ò tíì hó tí mo gbọ́ "kẹ̀".

Pínnì irun mi ni wọ́n fi ṣí i. Bàámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn ń dán. "Àgádágodo ìranù," ni wọ́n wí. "Ta ló tà á fún ọ? Wọ́n fi ọ́ jẹ ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Láàárọ̀ yìí kan náà, wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ apá ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn... Olè ò tíì dé ọwọ́ wọn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Ìyá Òkè, tó háyà òkè ilé wa, ní kí n fi àgádágodo ńlá há a láti ìta. Mo ní ewúrẹ́ ni? Bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́? Ó ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òun á máa yọjú. Mo gbà. Mo há a láago méje ààbọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́.

Mo padà dé láago kan. Àgádágodo wà níbẹ̀, ó ṣì tì. Ilẹ̀kùn ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti fi ẹnu ọ̀bẹ tú gbogbo súkúrù hínjì láti inú, wọ́n fà á yọ, wọ́n fi ti ògiri. Bàámi jókòó tì í lórí àpótí, wọ́n to súkúrù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí aṣọ ìnuwọ́ ní ìlà kan, wọ́n ń dúró de ẹni tó máa wá gba iṣẹ́.

Wọn ò jáde. Mo ka ìyẹn sí àánú.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Mo kó gbogbo pínnì, wáyà, abẹ́rẹ́ àti fọ́ọ̀kì pamọ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ṣẹ́ apá kan awò ojú wọn, wọ́n fi irin inú ẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn. Ní báyìí wọn ò ríran dáadáa, wọ́n sì ṣì lè ṣílẹ̀kùn. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Mo ti rí i! Mo ti rí i, mo ti rí i.

Kí n kọ ọ́ létòlétò. Ní gbogbo àádọ́ta ọdún yẹn, Bàámi ní òfin kan. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, wọ́n á fi kókó ìka kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì béèrè pé, "Ta ló nilé?" Onílé gbọ́dọ̀ dáhùn fúnra ẹ̀. Bí onílé bá ní rárá, wọ́n á kó irinṣẹ́. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé: "Alápò, oníkọ́kọ́rọ́ tí kò bá béèrè onílé, olè ni, aṣọ iṣẹ́ ló fi bora." Mo rántí ọkùnrin kan tó gbé àpótí onírin wá. Bàámi ní ta ló ni àpótí? Ó ní ìyàwó òun ni. Bàámi ní, "Ẹ lọ mú un wá." Ọkùnrin náà bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀, ó bú wa, ó gbé àpótí ẹ̀ lọ. Mo ń gbé àpò sẹ́yìn, mo rò pé bàbá mi lọba ayé.

Lónìí mo wà ní kíṣìnì, mo gbọ́ kò, kò, kò. Láti inú ilé wa, lára ilẹ̀kùn wa. Wọ́n ní, "Ta ló nilé?" Wọ́n ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí, etí mi ò kàn sí níbẹ̀. Ẹnu mi dáhùn kí n tó ronú: "Èmi ni. Ẹ má ṣí i."

Wọ́n dúró. Wọ́n fi irin awò ojú yẹn sápò. "Ẹ má bínú, mà," ni wọ́n wí, wọ́n padà sórí àga.

Mo jó ní kíṣìnì. Èmi, obìnrin àádọ́ta ọdún ó lé kan, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹfà

Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: ONÍLÉ NÍ KÍ Ẹ MÁ ṢÍ I. Wọ́n ṣì lè ka ìwé. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo tún fẹnu sọ ọ́ fún wọn. Èmi onílé, mo ní ẹ má ṣí i. Wọ́n ní, "Ó ti yé mi, mà."

Mo dé láago kan. Ilẹ̀kùn tì. Wọ́n wà nílé.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Ọjọ́ kẹta. Wọn ò jáde. Mo pe Ọ̀gá Ìpàdé láti fi yangàn. Ó wà nípàdé.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Wọn ò jókòó sórí àga wọn mọ́. Àga tó ti gba àwòrán ìdí wọn láti ogún ọdún. Orí àpótí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n wà, wọ́n kó ẹsẹ̀ jọ, fìlà lórí eékún. Mo ní kí wọ́n wá jẹun. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, mà, mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé."

Wọn ò tíì jẹ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

N ò fẹ́ kọ ti òní. N ó kọ ọ́.

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń yí lórí ìjókòó. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tọ̀. Wọ́n mirí. Láago méjì, omi dé ilẹ̀, ó ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ àpótí. Wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n ní ojú ń ti àwọn láti béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nílé onílé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fúnra wọn! Èmi ni mo gbé garawa omi lọ fún wọn lọ́dún náà.

Mo wẹ̀ wọ́n. Òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu; mo ti gba ìyẹn láti ọdún tó kọjá, a ti jọ fi ṣẹ̀fẹ̀ rí, èmi pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n lónìí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ara wọn. Wọ́n kọjú sí ògiri. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi á wẹ̀ mí tí mo bá délé. Ó ń dúró dè mí."

Ìyàwó wọn ni Màámi, ó ti kú. Mo fi tówẹ̀lì bò wọ́n, mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹfà

Mo ya páálí náà kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo jókòó síwájú wọn. Mo ní, "Bàbá, irọ́ ni mo pa. Ilé yín ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Èmi ọmọ yín ni, èmi Alápò." Mo mú wọn kiri bí ẹni ń ta ilé: yàrá yín rèé, fèrèsé tí ẹ kàn lọ́dún tí mo wọ ilé ìwé rèé, àwòrán ìgbéyàwó yín rèé, ẹ wo irun yín nígbà yẹn. Wọ́n ń tẹ̀ lé mi, ọwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín náà. Òun ni wọ́n máa ń rín fún oníbàárà tó ń ṣàròyé.

Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ilé yín dára, mà. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé tèmi."

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún wọn láti ọdún mẹ́ta, kò dúró. Orúkọ mi ò dúró. Ikú Màámi ò dúró, ìgbà mọ́kànlá ni mo ti túfọ̀ ẹ̀ fún wọn kí n tó jáwọ́. Irọ́ yìí nìkan ló dúró.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹfà

Mo lẹ páálí padà. Kí ni n bá ṣe? Iṣẹ́ ń dúró dè mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹfà

Inú ìwé nìkan ni mo ti lè sọ eléyìí.

Láti ìgbà tí mo ti dé láago kan títí di aago mẹ́fà, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kò, kò, kò. Ta ló nilé? Èmi ni, ẹ má ṣí i. Ẹ má bínú, mà. Ìṣẹ́jú méjì. Kò, kò, kò. Mo kà á dé ogójì. Lẹ́yìn náà mo fo dìde, mo gba ọwọ́ wọn mú, mo fà wọ́n kúrò níbẹ̀, mo pariwo mọ́ wọn lójú: "Ẹ jókòó! Ẹ ò ní ilé kankan láyé yìí mọ́!" Mo gbọ́ ohùn ara mi. Ohùn àwọn tí mo máa ń gbàdúrà pé kí Bàámi má bọ́ sí lọ́wọ́.

Wọ́n jókòó. Wọ́n fi ọwọ́ kejì bo ibi tí mo ti fà wọ́n. Ó ti wú ní báyìí, ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn síbẹ̀.

Mo lọ sí balùwẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tútù, mo gbàdúrà. Mo ní Ọlọ́run, ọwọ́ Bàámi yìí, gbà á. Gba ọgbọ́n inú ọwọ́ yìí kúrò kí n lè sinmi. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Nọ́ọ̀sì wá. Ó rí ọwọ́ wọn, ó wò mí, ó pa àpò ẹ̀ dé. Ìbá bú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

Àyà mi balẹ̀ díẹ̀, mo lè kọ ọ́ báyìí.

Lánàá, mo dé láago kan, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Òkè ti sùn lọ lórí àga rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan, n ò lè bá a wí. Páálí ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sísàlẹ̀ ẹ̀, lọ́wọ́ ìkọ̀wé wọn tó tẹ̀ sápá òsì: *Onílé, ẹ dárí jì mí. Ìyàwó mi ń dúró.*

Àádọ́ta ọdún, wọn ò ṣí ilẹ̀kùn tí onílé ní kí wọ́n má ṣí. Wọ́n ṣí tèmi. Wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Mo sáré. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ará òpópónà nìyí. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń lọ. Kò, kò, kò, ta ló nilé? Ní ilé àkọ́kọ́, ìyàwó tíṣà ní òun ni. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọjá. Ilé kejì, ilé kẹta, gbogbo wọn dáhùn, wọ́n kọjá. Ìyàwó tíṣà ní òun rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Wọ́n dé ilé keje, ilé awakọ̀ akẹ́rù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lóṣù tó kọjá. Wọ́n kàn án, wọ́n béèrè. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilé tó jẹ́ pé kò sẹ́lòmíì tó ní òun ló ni ín, tiwọn ni nìyẹn. Wọ́n ṣí i, wọ́n wọlé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó de Màámi.

Awakọ̀ ló wọlé bá wọn. Kò mọ̀ wọ́n rí. Ó pariwo olè. Ó tì wọ́n jáde, wọ́n fi iwájú orí gbá etí àtẹ̀gùn. Àwọn kan tí wọn ò mọ nǹkan kan ti ń pé jọ, ẹnì kan ti mú igi. Oníkẹ́míìsì ló já sáàárín wọn, tó na ọwọ́ méjèèjì tó ń ké pé, "Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni! Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni!" N ò ní pè é lẹ́nu tí kì í dákẹ́ mọ́ láé.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ́ sójú, wọ́n ń sọ ọ́ lásọtúnsọ fún awakọ̀ pé, "Mo béèrè, sà. Mo béèrè onílé."

Awakọ̀ ń sunkún. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ní òun ní bàbá nílé.

Èmi ni mo sọ wọ́n di olè. Èmi ni mo gba ilé wọn lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má baà kúrò níbẹ̀.

Wọ́n rán orí wọn ní ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ márùn-ún. Mo pe Ọ̀gá Ìpàdé fúnra mi. Kò sí nípàdé.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹfà

Ó dé láago mẹ́wàá. Ó wo orí Bàámi, ó wo ọwọ́ wọn, ó bi mí pé ta ló ṣe ti ọwọ́. Mo ní èmi ni. Mo rò pé á lù mí. Ó lọ jókòó ní kíṣìnì, ó sì gbé orí lé tábìlì.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó." Mo ní mo ti ya páálí náà. Mo ní n ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, kì í ṣe pé mo kórìíra yín. Àwọn èèyàn fẹ́ lu Bàámi pa lójú títì. Ilé tí kò bá lè dá wọn dúró kì í ṣe ilé fún wọn mọ́." Ó ní òun á dúró dìgbà tí wọ́n bá yọ òwú orí wọn. Tí wọ́n bá ṣì ń ṣílẹ̀kùn nígbà yẹn, ilé ìtọ́jú ni. Tí wọn ò bá ṣí i mọ́, òun ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo ní ó dáa. Kí ni mo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀? N ò mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ń sùn. Wọ́n jẹ ṣíbí tíì mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi fá irùngbọ̀n wọn, ó di wọ́n léjìká mú, ó ń kọ orin ìgbà tá a wà lọ́mọdé, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹfà

Nọ́ọ̀sì yọ òwú láàárọ̀. Lẹ́yìn tó lọ, ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn, ó fi pínnì irun mi kan sórí tábìlì níbi tí wọ́n ti lè rí i. Ó jókòó. Èmi náà jókòó. Bí adájọ́ méjì.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà Bàámi dìde, wọ́n mú pínnì náà. Mo di àga mú. Bí wọ́n bá ṣí i, mo pàdánù wọn. Bí wọn ò bá ṣí i, mo pàdánù wọn. Mo mọ ọ̀nà tí mò ń gbàdúrà sí, kò sì bá ohun tí mo ṣèlérí mu rárá. Mo ń sọ ọ́ nínú pé: ẹ ṣí i, Bàámi. Ẹ ṣí i, ẹ fi han ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n dé iwájú ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé ìka sókè. Kò. Kò. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ìka wọn. Kò. Mo retí ìbéèrè. Kò wá. Wọ́n na pínnì sí ihò kọ́kọ́rọ́, orí rẹ̀ ló kọjú síbẹ̀, kò lè wọlé. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ báyìí, wọ́n gbìyànjú ẹ̀ báyìí. Wọ́n yí i, wọ́n wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ha irun iwájú orí wọn jẹ́jẹ́, níbi tí ọgbẹ́ wà, wọ́n fi í sẹ́nu.

Mo dìde, mo yọ ọ́ lẹ́nu wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa. Ó ti tó. Wọ́n lè dúró." Ó pe ilé ìtọ́jú níwájú mi, ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíì ní ibùsùn náà. Ó jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí kan, mo ń wò ó láti fèrèsé, kò tan ọkọ̀.

Mo ti borí. Bàámi ò lọ sáàárín àjèjì. Àdúrà mi gbà, gbogbo ẹ̀ pátá, títí kan èyí tí mo gbà lórí símẹ́ǹtì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Á máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó ní òun á fi ìpàdé sílẹ̀. Mo gbà á gbọ́ díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹfà

Mo tú àgádágodo kúrò lára ilẹ̀kùn láàárọ̀, èmi fúnra mi, mo to súkúrù sórí aṣọ ìnuwọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo gbé e lé Bàámi lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé e yí. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo ní wọ́n fi ń tọ́jú ilé. Wọ́n ní, "Ó wúwo."

Wọ́n wà lórí àga wọn, àga tiwọn gan-an. N ò mọ ìgbà tí wọ́n padà síbẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Atẹ́gùn ń wọlé. Láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, wọn ò wo ọ̀nà ibẹ̀.

Mo wá ṣe ohun kan tí n ò lè ṣàlàyé. Mo jáde sójú àtẹ̀gùn. Mo fi kókó ìka kan férémù, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, "Ta ló nilé?"

Mo dúró. Mo gbọ́ aago ara ògiri. Mo gbọ́ Ìyá Òkè tó ń fa bàtà lókè. Mo ti fẹ́ yí padà.

"Èmi ni," ni wọ́n wí látinú ilé. Ohùn wọn àtijọ́, ohùn ẹni tó ni nǹkan. "Ẹ wọlé."

Mo wọlé. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní ta ni mo wá bá. Mo ní àwọn ni. Wọ́n ní kí n jókòó.